Jẹ́sì Nọ́ńbà Méjìlá

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó jiyàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìṣó tí wọ́n fi jẹ́sì náà kọ́ ṣì wà lára ògiri dòní.

Àǹtí Ọṣẹ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń fọṣọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà. Yàrá ìfọṣọ rẹ̀ fara ti yàrá táwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ni kóòṣì. Lọ́jọ́ ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún yẹn, àbúrò yìí wá jókòó sórí korobá tó dojú bolẹ̀, ìwé èsì ìdíje wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ná. Tá a bá lọ sílé onílé, kìnnìún ni wá. Nílé ara wa, ségesège! A borí lónìí, a fìdí rẹmi lọ́la. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa gbá nílé lónìí yìí, wọn ò tíì pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.”

“Koríko yín ni ò dáa.”

“Orí koríko yẹn náà la ti borí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn.” Ó dìde. “Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ti sọ fún mi. Tá a bá fìdí rẹmi lónìí, kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́.”

Ó jáde, ó gbàgbé ìwé. Àǹtí Ọṣẹ mú ìwé náà, ó ń wò ó.

Ẹnikẹ́ni kì í wọ nọ́ńbà méjìlá. Ti àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni, torí àwọn ni wọ́n kà sí agbábọ́ọ̀lù kejìlá; ìṣó tó gbẹ̀yìn nínú yàrá ìmúra ni wọ́n ń fi í kọ́. Síbẹ̀, lẹ́yìn àwọn ìdíje kan, jẹ́sì náà a rin gbingbin fún òógùn, koríko a dì mọ́ àyà rẹ̀. Àǹtí Ọṣẹ rò pé wọ́n fi ń nu bàtà ni. Inú a bí i. Á fọ̀ ọ́, á tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún odindi ìdíje kan nílé kí wọ́n lè kọ́gbọ́n, á sì kọ ọjọ́ tó fọ̀ ọ́ àti ọjọ́ tó tì í mọ́lé sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà kí ẹ̀sùn má baà parun.

Ó gbé ìwé síwájú ilẹ̀kùn yẹn. Gbogbo ìgbà tó fọ̀ ọ́, wọ́n borí. Gbogbo ìgbà tó tì í mọ́lé, wọ́n fìdí rẹmi. Kò sí ọ̀kan tó yẹ̀.

Ó káwọ́ lérí.

“Háà! Èmi ni mò ń fìyà jẹ àbúrò mi!”

Ariwo ta lóde. Àwọn àlejò ti gbá kan wọlé. Ó wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí jẹ́sì náà wà títí, kò rí i, àṣé ọrùn rẹ̀ ló fi kọ́. Nígbà tó máa gbé jẹ́sì náà dórí ìṣó, abala kejì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá.

“Ẹ má bínú,” ó ní fún aṣọ. “Mi ò mọ̀ ni.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí i. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Ìró bàtà bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kà. Kà. Kà. Ìró náà gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Nígbà tó yíjú padà, ìṣó ṣófo.

Pápá hó. Ó tún hó. Àǹtí Ọṣẹ padà sí yàrá ìfọṣọ, ó ń jó láàárín ìfófòó ọṣẹ títí rẹfirí fi fọn fèrè. Kóòṣì já wọlé, ó gbé e sókè.

“Méjì sí ẹyọ kan! Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lọ mọ́!”

“Ta ló gbá ìkejì wọlé?”

“Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn kọ́. Ẹ jẹ́ ká jó jàre!”

Ó sáré padà sórí pápá. Àǹtí Ọṣẹ lọ kó aṣọ ní yàrá ìmúra. Jẹ́sì náà ti wà lórí ìṣó, ó ń kán tótó, ó ṣì gbóná. Omi ń dà nínú balùwẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń súfèé. Àǹtí Ọṣẹ yọjú lójú fèrèsé, ó ka àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá. Gbogbo wọn pé síta.

Ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó mú aṣọ ìnura tó mọ́ jù, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní tì yín mọ́lé mọ́.”

Omi dúró. Aṣọ ìnura náà rọra wọlé.