Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Ìyàndá

Ọjọ́ tí wọ́n dáná sun ilé olóṣèlú méjì ní Makun, tí èéfín bo ọjà títí oòrùn fi kan àtàrí, ni Hàbíbátù pinnu pé òun á ra ìbọn. Ìgbà wẹ́tíẹ̀ ni, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin ń gbé bẹntiróòlù kiri bí ẹni gbé omi mímu, tí ìbò sọ ọmọ ìyá méjì di ọ̀tá. Ogójì agbọ̀n gbàǹja ló wà ní ṣọ́ọ̀bù Hàbíbátù. Ó ti fi ewé wé wọn, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ sókè Ọya. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Fàrúkù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń sùn ti obì náà pẹ̀lú àdá lásán.

"Àdá wo ló máa dúró de ẹni tó gbé iná wá, Ìyá?" Ohun tí Fàrúkù ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Ìyàndá, tó ti gbọ́ pé ó ń wá ìbọn rà, wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọdẹ tó ń ṣọ́ oko kòkó lọ́nà Likosi ni. Ó wọ gbérí tó ti gbó léjìká, ó fi òfì àtijọ́ wé ìbọn bí ẹni wé ọmọ tuntun.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Fàrúkù. Ẹ kú ìnira ìlú."

"Ìnira ìlú ò tíì pa wá. Tú u, jẹ́ n rí i."

Ó tú u. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, ẹnu méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì, igi ìdí rẹ̀ pọ́n, ó ń dán.

"Ti bàbá mi ni. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ọdún kẹta rè é, ara ògiri ló wà. Kò tíì dún lọ́wọ́ mi rí."

Hàbíbátù ò mọ ìbọn. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ra obì lọ́wọ́ àwọn olè. Bí obì bá ti ń bàjẹ́, olóbì á fi epo díẹ̀ ra á lára kó lè dán. Ìbọn yìí náà ń dán ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kí Ìyàndá ká ìbọn náà lágbedeméjì kí ìdí ihò rẹ̀ lè ṣí, ó gbé imú sí i. Àdín ló kọ́kọ́ gbọ́. Lábẹ́ àdín, ẹ̀tù. Ẹ̀tù tí kò tíì pẹ́ tó jó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yìnbọn pa akápò ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ́nà Likosi. Wọn ò tíì rí ẹni tó pa á.

Ó wo ojú Ìyàndá. Ìyàndá ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ó dára, Ìyá?" Ọwọ́ Fàrúkù ti wà lára ìbọn.

"Gbé e sílẹ̀."

"Ìyá, bí wọ́n bá dé lálẹ́ òní ńkọ́?"

"Mo ní gbé e sílẹ̀! Àbí etí ẹ di ni?" Ó kọjú sí Ìyàndá. "Kò wù mí. Ọlọ́run á pèsè oníbàárà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn olóbì, a kì í ba ọjà ẹlòmíì jẹ́. Bí o bá rí kòkòrò nínú agbọ̀n ẹnìkan, ńṣe lo máa sọ obì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, wàá bá tìẹ lọ. Ẹni tó bá pariwo, wọn ò ní bá a nájà mọ́. Inú òfin yẹn ni Hàbíbátù dàgbà sí.

Ìyàndá tún ìbọn wé, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Adétóun lódìkejì. Opó lòun náà, àtìgbà ọmọge ni òun àti Hàbíbátù ti jọ ń ta obì. Kò pẹ́ tí Adétóun fi yọjú, ó so ìborùn mọ́dìí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyàndá tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lo rí tí o ò fi rà á? Àbí ahun ló ń ṣe ẹ́?"

"Ahun ń ṣe bàbá ẹ. Kò wù mí ni."

"Kò wù ẹ́, ó wù mí. Kọ́láwọlé ọmọ mi ti gbé e léjìká bí ajagun. Èmi á rí oorun sùn lónìí."

Hàbíbátù wo Ìyàndá, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tún ewé agbọ̀n kan dì.

"Á gbó mọ́ ẹ lọ́wọ́," ló sọ.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni sójà gbàjọba. Wọ́n kéde pé kí olúkúlùkù gbé ìbọn rẹ̀ wá fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ́láwọlé, tí kò ní nǹkan kan láti fi pamọ́, wọ dàńṣíkí funfun, ó gbé tirẹ̀ lọ lójú gbogbo ayé. Kò padà wálé. Wọ́n ní inú ìbọn yẹn ni èèpo ọta tí wọ́n he lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú akápò ti jáde. Ìyàndá ti sá gba ọ̀nà Kútọnu lọ, kò sì sí ìwé kankan tó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Adájọ́ ò ka ọ̀rọ̀ ẹnu sí, ó sọ ọmọ náà sẹ́wọ̀n gbére.

Iná ò dé ṣọ́ọ̀bù Hàbíbátù. Gbàǹja rẹ̀ dé òkè Ọya láìfọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kí Adétóun lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Hàbíbátù bá a lọ. Inú bọ̀lẹ̀kájà ló ti sọ ọ́.

"Mo gbọ́ òórùn ẹ̀tù nínú ìbọn yẹn, kí o tó rà á."

Adétóun gbé abọ́ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lé itan, kò yíjú. Ọkọ̀ kọjá afárá kan, ó kọjá èkejì.

"Bí o bá sọ ọ́ nígbà yẹn, mo máa ní o ń jowú mi ni."

"Mo mọ̀."

"Mo máa bú ẹ, mo sì máa rà á."

"Mo mọ̀, Adétóun."

"Ṣùgbọ́n ò bá sọ." Ó di abọ́ náà mú kí ọbẹ̀ má baà dànù. "Ò bá sọ, Hàbíbátù."