Gwaggo Yan Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fún Rakiya

"Padà sẹ́yìn, Asabe! Padà kí n tó fi ìgbálẹ̀ lé ọ! Ọ̀rọ̀ àkọ́bí rẹ lo fẹ́ dá sí lójú gbogbo ayé? Ojú ò tì ọ́!"

Gwaggo Lantana ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní ilé Alájì Tanimu ní Kano, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú Rakiya lọ. Ẹ̀gbọ́n Alájì, bàbá Rakiya, lóbìnrin ni, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Gwaggo. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ọkàn rẹ̀ sì dúdú ju ìdí ìkòkò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ń pè é ní ìyá rere. Asabe, ìyá tó bí Rakiya lọ́mọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ẹ bá mi káàánú obìnrin yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti bí Rakiya, kò sì pe orúkọ ọmọ náà rí. Bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn. Ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí, kì í gbé e jó lójú ènìyàn, kì í sì gbèjà rẹ̀. Wọ́n ní ìtìjú ni. Ọjọ́ tí wọ́n já ọmọ náà lẹ́nu ọmú ni Gwaggo gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀. Láti ìgbà náà, òdìkejì àgbàlá ni Asabe ti ń wo ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń wo ọmọ aládùúgbò.

Ọwọ́ Gwaggo yìí náà ni Rakiya wà tí oògùn ikọ́ tó ń pani bí ọtí fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ọmọ tó ń ké Kùránì tí ilé ń dákẹ́ rọ́rọ́ di ẹni tí ń sùn lọ́sàn-án gangan, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí kò bá rí i mu, á máa gbọ̀n, á máa họ ara títí ara á fi bó.

Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn fẹnu kò sí. Alájì lọ bá dókítà, ó padà dé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n á fi dá a dúró," ó ní. "Wọ́n á tọ́jú ara rẹ̀, wọ́n á sì jókòó bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n á bi í léèrè ẹni tó ń fún un."

Kúnú tí Gwaggo ń mu pá a lórí. "Wọ́n á bi í ní kín ni?"

"Ẹni tó ń fún un, Gwaggo."

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni obìnrin yìí ti yí padà! Ilé ìwòsàn di ibi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ ènìyàn di wèrè. Àfi ilé Màlámù Iro lẹ́yìn odi, níbi tí wọ́n ti ń de àwọn ọmọ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà wọ́n, tí wọ́n sì ń fún wọn lómi àdúrà mu. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè. Alájì ò lè kò ó lójú, nítorí Gwaggo ló tọ́ ọ dàgbà. Ṣùgbọ́n Asabe ti rí i pé ìbéèrè dókítà ni kò jẹ́ kí Gwaggo mu kúnú rẹ̀ tán. Orí ẹní ìkírun ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, Màlámù Iro dé. Irin ń ró nínú àpò rẹ̀ ní yàrá àbáwọlé, níbi tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí, tí obìnrin ilé kì í yọjú sí.

"Alájì, ẹ má fòyà. Oṣù mẹ́fà lábẹ́ pàṣán, á di màlékà!"

"Ẹ tètè mú un lọ!" Gwaggo fa Rakiya jáde lápá bí ẹran iléyá.

Ọmọ náà ò jà, ilẹ̀ ló ń wò. Màlámù Iro bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti irin mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọrùn ẹsẹ̀ náà ti tín-ín-rín débi pé irin yọ kúrò, ó bọ́ sílẹ̀.

"Ó tóbi jù," ni ọkùnrin náà wí. "Kò burú. Mo ní èyí tí mo fi ń de àwọn ọmọ kéékèèké."

Asabe gbọ́ ọ. Kò mọ bí òun ṣe kọjá àgbàlá.

"Rakiya!"

Gbogbo wọn yí ojú padà.

"Rakiya, ọmọ mi! Ta ló ń fún ọ mu?"

"Mo gbé! Ó pe orúkọ àkọ́bí! Tanimu, orí ìyàwó rẹ ti yí!"

"Ẹ pè mí ní wèrè, Gwaggo. Ẹ pè mí lájá. Alájì, ẹ dákun, ìbéèrè tí dókítà fẹ́ bi í náà ni mò ń bi í. Kí ló dé tí ìbéèrè yẹn ń lé Gwaggo kiri láti ọjọ́ mẹ́ta?"

"Irọ́! Bí mo bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí n má fojú kan Mẹ́kà láé!"

Rakiya gbé orí sókè. Kò wo Gwaggo. Ìyá rẹ̀ ló ń wò bí ẹni rí àlejò.

"Ẹ mọ orúkọ mi?" ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Asabe bú sẹ́kún.

"Gwaggo ni," ni ọmọ náà wí. "Ikọ́ ń ṣe mí nígbà yẹn, ó po oògùn ikọ́ mọ́ sóbò fún mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa gbé ìgò kiri ilé fún àwọn ìyàwó ẹlẹ́hàá tí kì í jáde, òun á máa fún mi ní tèmi."

Gwaggo nawọ́ láti gbá a létí. Alájì gbá ọwọ́ náà mú.

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá yín."

"Tanimu! Èmi tí mo pọ̀n ọ́!"

"Mo ní kọ́kọ́rọ́!"

Abẹ́ ibùsùn ni àpótí náà wà. Aṣọ méjì ló bo ojú rẹ̀, ìgò oògùn ikọ́ ló kún un dé ẹnu. Màlámù Iro alára tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kó irin rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, àwọn agbófinró tí Alájì ránṣẹ́ pè ti dé. Àwọn obìnrin tó ń ra oògùn náà lọ́wọ́ Gwaggo ń yọjú láti ẹnu ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó kí ìyá rere wọn pé pẹ̀lẹ́. "Tanimu, gbà mí o!" ni Gwaggo ń ké bí wọ́n ti ń mú un lọ. Tanimu kọjú sógiri, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ rò pé ayọ̀ ló kù? Rárá o. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn, Gwaggo ni Rakiya ń ké pè. "Ẹ pe Gwaggo fún mi! Ẹ̀yin kọ́ ni ìyá mi!" Asabe ń nu èébì, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ìyá Rakiya, ẹ lọ sinmi díẹ̀," ni dókítà wí.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi sinmi, dókítà."

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ojú ọmọ náà wálẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi mí sílẹ̀ fún un?"

Asabe ò wá àwáwí. "Ojú ayé ni mò ń wò."

Rakiya kẹ̀yìn sí i.

"Ẹ̀yìn ń ro mí. Ẹ bá mi ra á."

Asabe gbé ọwọ́ lé e. Eegun ló kún abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń ra á, ó ń ra á, títí oorun fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ, kò sì tọrọ ohun mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà.