Ẹ-máa-lọ

Kò sí atẹ́gùn kankan lórí omi ní ìrọ̀lẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, síbẹ̀ ìgbòkun ọkọ̀ rẹ̀ wú bí ikùn aboyún. Tiwa rọ jọwọlọ lára òpó, bí aṣọ tí wọ́n sá sínú yàrá. Gbogbo wa jókòó, à ń retí. Òun nìkan ló ń lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń fi okùn fà.

Gbogbo ọjọ́rú, tá a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, la máa ń fi ọkọ̀ onígbòkun sáré. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí adájọ́. Atẹ̀wé ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tún fíríìjì ṣe, ló máa ń di ìtọ́kọ̀ mú, èmi á máa fa okùn ìgbòkun. A ó yí agbá pupa tó léfòó láàárín omi po, a ó sì padà sí èbúté. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá fara kan agbá, òun fúnra rẹ̀ á yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan kó tó máa bá eré lọ, wọ́n rí i o, wọn ò rí i o. Tá a bá gúnlẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba iwájú, a ó sì bọ ara wa lọ́wọ́. Òfin wa ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlejò náà ò sọ orúkọ fún wa. Á fi gbogbo wa sẹ́yìn, àmọ́ tó bá ku díẹ̀ kó dé èbúté, á tú okùn ìgbòkun rẹ̀ sílẹ̀, á dúró de ẹni tó tẹ̀ lé e, á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ máa lọ." Bó ṣe di Ẹ-máa-lọ lẹ́nu wa nìyẹn. Àwọn yòókù ní ọmọlúàbí ni. Ọkàn mi ò gbà á. Ta ló ń sáré dé ẹnu ọ̀nà tán kó tó ní kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wọlé?

Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ló gbé pamọ́. Lọ́jọ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ní èbúté, mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, mo fọwọ́ wá abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Pákó lásán ni. Àmọ́ pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde gbẹ táútáú, ó sì ń rùn bí yàrá tí wọ́n ti tì pa tipẹ́. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ gan-an lákòókò yẹn, ìborùn mi ń lù mí lójú. Ẹ̀wù tirẹ̀ ò mì.

Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa wà lára àwọn tó fún láyè. Aláriwo ni, ó fi ọ̀rọ̀ pé òun gba iwájú da gbogbo wa láàmú. Kò pẹ́ sígbà náà, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, mo bá a níta lórí àga, òógùn bò ó.

"Àǹtí Atẹ̀wé," ó ní, "ṣé atẹ́gùn ń kàn yín?"

"Ó ń fẹ́ dáadáa."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò kan èmi mọ́. Mo gbé fáànù síwájú, ó ń yí, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo wọnú ọkọ̀ mi, ìgbòkun sùn sílẹ̀. Látọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti ní kí n máa lọ ni."

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ibà ló ń ṣe onígbàjámọ̀. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀ lákọlákọ.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá. Á fẹ́ láti ọ̀tún, á yí sí òsì, á kú, á tún jí. Ó da àwọn yòókù rú, àwa sì bọ́ sẹ́yìn Ẹ-máa-lọ gan-an. Níbi tá a ti ń yí agbá po, afẹ́fẹ́ tún ṣẹ́rí padà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa sì ha agbá. Ìró rẹ̀ ò ju ti èékánná lára páànù.

"Má dá a dúró," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Ta ló rí wa?"

"Àwa náà rí i. Ẹ yí i po, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó kùn sínú, àmọ́ ó yí i. Nígbà tá a fi máa parí rẹ̀, Ẹ-máa-lọ ti dúró nítòsí èbúté, ó ń retí wa.

"Ẹ máa lọ," ó ní.

Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ò ju pé ó ti nà wá, tirẹ̀ sì ni ìborí. Mo tú okùn ọwọ́ mi sílẹ̀, ọkọ̀ wa dúró. "Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lọ."

"Mo bẹ̀ yín."

"Ẹ máa lọ, sà."

Omi rọra gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó gúnlẹ̀ ṣáájú wa. Àwọn tó wà létí omi pàtẹ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ fẹ́ lẹ̀lẹ̀, irun rẹ̀ dà sójú. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Mo lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ẹnì kan ló ní kí èmi náà máa lọ nígbà kan," ó sọ sí mi létí. "Mo gbà. Ẹni tó bá gba àyè yẹn, atẹ́gùn á kọ̀ ọ́. Tó bá yá, ọkọ̀ rẹ̀ á máa lọ láìsí atẹ́gùn, òun náà á máa fúnni láyè, títí á fi rí ẹni tó kọ̀ ọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló tọ́. Ẹni tó bá ti mọ ìdí rẹ̀, kíkọ̀ rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan."

Mo wá rí i pé èmi náà ti mọ̀ báyìí, kíkọ̀ mi ò lè gba ẹnikẹ́ni là mọ́. "Onígbàjámọ̀ wa ńkọ́?"

"Ipò mi ló kàn án." Ó wo ẹ̀yìn mi, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ká ìgbòkun, ó sì sọjú sílẹ̀. "Òun nìkan kọ́."

Ó gba ojú títì lọ. A ò rí i mọ́.

Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Láti kékeré ni kì í gbà kẹ́nikẹ́ni ṣáájú òun, ì báà ṣe ká sáré lọ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀sẹ̀ tí ara mi ò yá," mo ní, "tí ẹ̀yin nìkan gbé ọkọ̀ jáde. Ṣé ẹ gbà?"

Ó so okùn tán kó tó dáhùn. "Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ. Okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ló ń jẹ́ kí ìgbòkun wa wú."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn yòókù ń kí ara wọn pé ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́rú, àbúrò mi, jẹ́ ká dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn. Jẹ́ ká fún wọn láyè."