Ohùn Tó Gbẹ ní Apá Keje

Inú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni Tẹniọlá wà, tó ń ti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì bọ̀ ní Ìkòròdú, nígbà tí apá keje Ẹ̀ṣọ́ Ojú Ọ̀run parí sí i létí. Ìwé àfetígbọ́ ni, ìtàn àwọn ọmọ ogun tó ń fi ọkọ̀ jà láàárín àwọn ìràwọ̀. Láti apá kìn-ín-ní ni òun àti bàbá rẹ̀, ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, ti jọ ń gbọ́ ọ. Apá keje yìí ló kẹ́yìn.

Ó ṣí ibi tí àwọn olùgbọ́ ti ń sọ èrò wọn. Àwọn kan ní ìparí rẹ̀ dùn. Àwọn kan ń bú òǹkọ̀wé, pé kí ló dé tí ọ̀gágun obìnrin tí ìtàn náà dá lé fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ayé àjòjì, tó sì gbéra lọ torí pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ. Ohun mìíràn ló ń dun Tẹniọlá ní tirẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé:

"Ìtàn yìí dára, ẹni tó kà á ló já mi kulẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi ìdágbére yẹn, ohùn rẹ̀ gbẹ bíi ti tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Mo retí ẹkún, mi ò rí i."

Kó tó délé, èsì ti wọlé.

"Ẹ ṣeun. Èmi Hussein ni mo kà á. Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá mi ni mo ka ibẹ̀. Bí mo bá jẹ́ kí ohùn mi rọ̀ díẹ̀, mi ò ní lè kà á tán. Ẹ má bínú."

Ìtìjú mú Tẹniọlá débi pé kò lè jẹun. Ó kọ̀wé sí ọkùnrin náà níkọ̀kọ̀, ó bẹ̀ ẹ́.

Hussein ní kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tún ibẹ̀ kà, kó kàn sọ bó ṣe fẹ́ kó rí fún òun.

Tẹniọlá tún ibẹ̀ gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí kó tó pe "ọkọ mi", ó sì gbọ́ bó ṣe yára sáré kọjá ọ̀rọ̀ náà. Ó pè é lórí fóònù.

"Bọ̀dá Hussein, ẹ má tún un kà mọ́. Mo ti gbọ́ ẹkún náà. Ẹ ń gbé e mì ni."

"Kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìwé di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ di ọ̀rọ̀ ọkàn. Nígbà tó yá, Tẹniọlá wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Hussein fi yàrá tó ti ń kàwé hàn án. Ó ti gbé fóòmù bo ògiri kí ariwo ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ ojú omi má baà wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n rìn lọ sétí ọ̀sà.

"Tẹni, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni Hussein wí. "Èmi tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lóríṣiríṣi, mi ò rí òmíràn sọ ju èyí lọ."

"Ó tó, olólùfẹ́ mi," ni Tẹniọlá dáhùn. "Èyí tí o ò rí sọ, mo ti ń gbọ́ ọ."

Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́. Ìyá Hussein, tí orúkọ tirẹ̀ ń jẹ́ Mùsílímátù, tó ń ta ẹja lẹ́bàá omi, gba Tẹniọlá tọwọ́tẹsẹ̀. Àfi ìgbà tó bi í léèrè mọ́ṣáláṣí tí àwọn òbí rẹ̀ ń lọ.

"Ṣọ́ọ̀ṣì la ń lọ, Màmá."

Ìyá náà rọra gbé abọ́ ẹja sílẹ̀. "O dáa lọ́mọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n Hussein nìkan ni mo bí."

Ní Ìkòròdú, bàbá Tẹniọlá, Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán, kò fi tiẹ̀ pamọ́. "Ohùn ọmọ náà wù mí gbọ́," ló wí. "Àmọ́ mi ò lè fọmọ mi fún ìmàle. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn òbí wọn. Wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ láìjà. Tẹniọlá yọ gbogbo ìwé tí Hussein kà kúrò lórí fóònù rẹ̀, torí pé bó bá ti gbọ́ ohùn náà, àyà rẹ̀ á máa dùn ún.

Òjò ọdún náà ti ń dá nígbà tí ọlọ́kadà kan já ìyá àgbàlagbà kan sílẹ̀ lójúlé wọn lọ́sàn-án Sátidé. Tẹniọlá ń gbálẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé Màmá Mùsílímátù ni, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Tẹniọlá, ẹ kú ìsinmi," ni ìyá náà wí fún bàbá tó jókòó síwájú ilé. "Èmi ni ìyá Hussein. Ọmọ mi ò lè kàwé mọ́. Ó ń jókòó sídìí máìkì, ọ̀rọ̀ kankan kì í jáde."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán fi àga lọ̀ ọ́.

"Mi ò gbọ́ àwọn ìwé rẹ̀ rí, torí mi ò fẹ́ràn ìtàn ogun," ni ìyá náà ń bá a lọ. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Hanifah, ọmọ àbúrò mi, bá mi fi èyí tó kẹ́yìn sórí fóònù. Nígbà tó débi tí obìnrin yẹn ń dágbére, mo dá ohùn yẹn mọ̀. Òun ló fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ̀. Mo rò pé ó lágídí ni. Èmi tí mo bí i, mi ò gbọ́ ẹkún tó wà níbẹ̀. Hussein sọ fún mi pé ọmọ yín gbọ́ ọ."

"Ṣé ẹ gbọ́ ìwé náà parí?" ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán béèrè.

"Mo gbọ́ ọ parí. Inú mi ò dùn sí obìnrin yẹn. Kí ló dé tó fi ọkọ sílẹ̀?"

"Ológun ni. Wọ́n pàṣẹ fún un."

"Ṣé àwọn tó pàṣẹ ló máa bá a gbé inú ilé tó ṣófo?"

Bàbá náà wolẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Làìbéríà ni mo wà nígbà tí ìyá Tẹniọlá bí ọmọ yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Mo tọrọ àyè kí n wálé, wọ́n ní rárá. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Títí obìnrin náà fi kú, kò fi bú mi lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò gbàgbé."

Tẹniọlá ò gbọ́ ọ rí. Ó lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

"Bó bá wọlé yín," ni bàbá náà wí, "ṣé ẹ máa jẹ́ kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló bà mí tẹ́lẹ̀, pé ó fẹ́ gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi," ni Màmá Mùsílímátù dáhùn. "Ó ti tán lọ́kàn mi. Kó máa lọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀."

Tẹniọlá pe Hussein nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Hussein mi, Dádì ní kó o wá." Ohun tó gbọ́ lódìkejì ni ẹkún ọkùnrin, kò sì gbé e mì lọ́tẹ̀ yìí.

Iwájú ilé ni wọ́n ti ṣe ìdána, pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹbí. Alága ní kí Tẹniọlá mú ohun kan ṣoṣo nínú ẹrù tí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ gbé wá. Gbogbo ènìyàn ń nàgà wò ó, torí wọ́n rò pé Àlùkùráánì ló máa wà níbẹ̀.

Tẹniọlá wo àárín èso àti iṣu. Bíbélì ló rí, tuntun, wọ́n so òrùka mọ́ ọn. Ó wo Hussein, Hussein mirí pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó gbé e, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá Mùsílímátù, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹni tó tà á fún mi l'Ẹ̀pẹ́ wo híjáàbù mi títí," ni ìyá náà rọra wí sí i létí. "Ó bi mí pé ṣé mo ti yí ẹ̀sìn padà ni."

"Kí lẹ wá sọ fún un, Màmá?"

"Mo ní rárá, pé ọmọ mi obìnrin ni mo rà á fún."