Ọwọ́ Òsì Kaothar

Bọ́ọ̀lù kan fò kọjá létí Ishaq, ó sì gbá ògiri pápá ìṣeré Agége, pàá. Nígbà tó yíjú, ọmọbìnrin kan ló rí nínú eruku. Ó ga. Ó dé fìlà lé orí ìbòrí dúdú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì wà lókè, níbi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò.

"Brọ̀dá, ẹ sún sẹ́yìn. Eyín yín dáa, mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"Mo fẹ́ rí i dáadáa ni."

"Kí lẹ fẹ́ rí? Bọ́ọ̀lù ni àbí èmi?"

Ishaq sún sẹ́yìn díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Géèmù orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ní yàrá kékeré kan ní Allen. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti bẹ́ésìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá. Ó fẹ́ kó jọ òótọ́, kí ẹni tó bá ń gbá a rò pé Agége lòun wà.

Kaothar lorúkọ ọmọbìnrin náà. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ibẹ̀. Ishaq bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun ya fídíò rẹ̀, kóun sì fi í sínú géèmù. Ó gbà.

Gbogbo Sátidé ni Ishaq ń wá síbi ìdánrawò, tó sì ń fi iṣẹ́ hàn án.

"Àwọn òǹwòran yìí jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà," Kaothar wí. "Ta ló ń jókòó wo bọ́ọ̀lù ní Agége?"

Ishaq gbé wọn dìde. Ó fi ariwo sí i, pẹ̀lú èébú díẹ̀.

"Eruku rẹ mọ́ jù."

Ó tún eruku ṣe.

Nígbà tó yá, oríkì rẹ̀ ló fi ń pè é, Àṣàbí. Ishaq ní òun fẹ́ ẹ. Kaothar ní òun náà fẹ́ ẹ, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún bàbá òun.

Bàbá rẹ̀, Alhaji Suara, jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń jó irin n'Ífàkò. Nígbà tí Kaothar kéré, bàbá máa ń na ọwọ́ òsì rẹ̀ tó bá fi kó oúnjẹ nínú abọ́.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" ó bi Ishaq.

"Géèmù, sà."

"Eré lo dárúkọ yẹn. Gbé e wá. Tí mi ò bá rí iṣẹ́ níbẹ̀, má padà wá mọ́."

Ẹ̀rù ba Ishaq. Nínú géèmù, Kaothar máa ń juwọ́ sáwọn òǹwòran kó tó ju bọ́ọ̀lù. Ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi ń gba bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, nítorí náà òsì ló fi ń kí wọn. Ṣé Alhaji máa wo ọmọ rẹ̀ kó máa fi òsì kí àgbà? Ishaq yí gbogbo ara náà padà. Ọ̀tún wá di ọwọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì fi ń kí èèyàn.

Ó gbé e lọ. Kaothar wò ó lójú bàbá rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́. Ìyà tí mo jẹ lórí ọwọ́ mi ò kéré. Ìwọ wá gé e kúrò."

Alhaji gbójú sílẹ̀. Kaothar jáde.

Kò gbé fóònù Ishaq mọ́. Lọ́jọ́ ìdíje, Ishaq lọ dúró sẹ́yìn èrò. Ìdánrawò ló ti ń wò látẹ̀yìnwá, kò wo ìdíje rí. Kaothar rìn dé àárín pápá. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi há abíyá, ó kúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún kí àwọn àgbà. Ó dìde, ó tún un wọ̀.

"Ìyàwó, ṣe kíá," ẹnì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kaothar fi òsì ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó di igi mú fi gbá afẹ́fẹ́.

Ishaq padà sí Allen. Ó dá òsì náà padà sáyè rẹ̀. Ó fi bíbọ́ ìbọ̀wọ́ sí i, ó fi ìkúnlẹ̀ sí i, ó fi ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ sí i. Ó wá bẹ Alhaji pé kó tún un wò. Alhaji pe ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

Ọmọbìnrin inú géèmù kúnlẹ̀, ó fi ọ̀tún kí àgbà. Òsì gbéra. Àwọn ará Agége hó yè.

"Ṣé bó o ṣe ń ṣe nìyẹn?" Alhaji bi ọmọ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ fi òsì kí àgbà. Ẹ ò sọ ti bọ́ọ̀lù."

Alhaji wo ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀. Ó dìde, ó pe àwọn ayálégbé rẹ̀ wọlé.

"Ẹ wá wo ọmọ mi," ó wí.

Wọ́n wò ó. Ó ní kí Ishaq tún un ṣe, kí wọ́n rí i dáadáa. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Iṣẹ́ nìyí. Kí àwọn òbí rẹ wá rí mi lẹ́yìn Iléyá."

Lẹ́nu ọ̀nà, Ishaq mí kanlẹ̀.

"Bàbá ti gbà, Àṣàbí."

"Bàbá gbà. Èmi ò tíì sọ̀rọ̀."

"Mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Tí mo bá dé ilé rẹ, ṣé màá ṣì máa ju bọ́ọ̀lù?"

"Wàá máa jù ú."

"Tí mo bá lóyún ńkọ́?"

"Wàá sinmi díẹ̀."

Kaothar rẹ́rìn-ín. Ó wò ó títí.

"Ó dáa. Ní kí wọ́n máa bọ̀."