Ohùn Tó Ń Pè Láàárín Èrò

Ariwo èrò inú téèpù náà ti pẹ́ ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kó má baà rú yín lójú. Yàrá téèpù ilé iṣẹ́ rédíò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láyé ìjọ́un, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kì í lọ sí pápá tó bá jìnnà. Inú yàrá wa ló ń jókòó sí, wọ́n á máa fi tẹlifóònù sọ fún un pé, "Wọ́n ti gbá a wọlé o!" Òun náà á wá figbe ta bíi pé ojú rẹ̀ ló ṣe. Ariwo èrò tó ń dún lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Téèpù àtijọ́ kan la ń fi sí i, ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo bọ́ọ̀lù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan wá bá mi. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ wo bọ́ọ̀lù, kò sì padà wálé. Ara ìyá wọn kò yá mọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìjà tàbí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní pápá lọ́jọ́ náà, kí ìyá tó kú.

Mo wá téèpù bọ́ọ̀lù náà títí, mo bá a nínú páálí orin àtijọ́ kan. A jọ jókòó tì í. Kò pẹ́, ohùn ọkùnrin kan yọ láàárín àtẹ́wọ́.

"Ẹlẹ́nu-ṣúgà! Ẹlẹ́nu-ṣúgà, dà?"

Aránṣọ fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí o!"

Mo fà á jókòó. "Ọmọ mi, wọn ò tíì bí ẹ nígbà tí wọ́n gba ariwo yìí sílẹ̀."

"Bàbá, ojú ni mo fi ń ránṣọ, etí mi ṣì wà bó ṣe wà. Òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Mo dá téèpù padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà ti sún mọ́ wa. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

A gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé ìyá. Ìyá tẹ́tí sí i lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ògiri.

"Ẹ pa á," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ohùn ọmọ mi ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ mi ló ń fi sọ̀rọ̀."

Mo fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ lára ògiri.

"Màmá, kí ló wá ṣe ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kò lọ wo bọ́ọ̀lù kankan. Inú yàrá yìí ló wà, ó ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Bàbá yín pè é láti inú ariwo yẹn. Bàbá yín tí a ti sin! Ẹ̀gbọ́n rẹ dáhùn, ó sì jáde. Ta ni ìbá gbà mí gbọ́? Mo bá ní bọ́ọ̀lù ló lọ wò." Ó gbójú sókè. "Ẹ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú yín."

Mo yíjú sí aránṣọ.

Ó ti wọ bàtà rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà.

"Mò ń bọ̀," ó wí.

Wáyà ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, àtẹ́wọ́ kò sì dákẹ́.