Òòlù Inú Dùùrù

Ẹsẹ̀ méjì tó yọ jáde lábẹ́ dùùrù àtijọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni atẹdùùrù kọ́kọ́ rí, ìbọ̀sẹ̀ kan pupa, èkejì dúdú. Kó tó kí ẹni tó ni ẹsẹ̀, ohùn obìnrin kan ti inú wá, ó ní kó jọ̀ọ́ kó bá òun tẹ eyín dùùrù tó kángun sọ́wọ́ òsì. Ó tẹ̀ ẹ́. “Ẹ tẹ òmíràn.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe títí obìnrin náà fi jáde, eruku kún imú rẹ̀.

“Ìka yín ya ọ̀lẹ o,” ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti bù ṣe. Ọkàn atẹdùùrù ti lọ.

Ọmọ alátùn-únṣe dùùrù ni obìnrin náà, òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kiri. Nígbà tí iṣẹ́ parí tí wọ́n lọ, ara ọkùnrin náà ò balẹ̀ mọ́. Á jókòó, á dìde. Á ṣí fèrèsé, á tún un tì. Níbi tí ọmọbìnrin náà wà, oorun ò kùn ún. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun gbàgbé òòlù òun sínú dùùrù yẹn, kí òun lọ mú un. Bàbá ní òun máa ra òmíràn.

Atẹdùùrù bá gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù. Nínú dùùrù yìí, bí ìka bá tẹ̀, ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ á fa ìdérí kan, afẹ́fẹ́ ẹwìrì á sì ráyè wọ inú fèrè. Nọ́ọ̀tù awọ kékeré tí wọ́n ń yí mọ́ ẹnu rẹ̀ ló di ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mú. Ó tú ọ̀kan, fèrè kan yadi, ó sì ránṣẹ́ pè wọ́n.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló wọnú dùùrù. Kò pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú nọ́ọ̀tù náà lọ́wọ́. Ó ní awọ kì í tú ara rẹ̀, òun mọ̀ pé torí ọmọ òun ni atẹdùùrù ṣe tú u, òun ò sì ní í fọmọ òun fún ẹni tó ń ba ohun tó ń bọ́ ọ jẹ́. Ó ní kí ọmọ òun kálọ.

Ọmọ ò mira. “Bàbá mi, òòlù yẹn, mi ò gbàgbé ẹ. Mo fi sílẹ̀ ni.”

Bàbá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Nígbà tó yá, ó na nọ́ọ̀tù sí ọkùnrin náà. “Wọlé, kó o dè é padà. Ìwọ ọmọ mi náà, bá a wọlé, kó má lọ tú òmíràn.” Ó sì jókòó sídìí dùùrù.

Inú ibẹ̀ há. Ọwọ́ wọn kan ara wọn níbi òòlù. Atẹdùùrù rọra bi í bóyá ó máa fẹ́ òun.

“Ẹ rọra, bàbá mi ń gbọ́.”

“Mo ń gbọ́,” ni bàbá dáhùn níta. “Dá a lóhùn, ẹ̀yìn ń dùn mí.”

“Mo gbà.”

Bàbá tẹ èyí tó yadi, ó dún. Ó sì tẹ òmíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.